Ìlà Kúkúrú Ojú Ewé Keje

Ẹni tó bá fẹ́ kí Màmá Táípù tẹ nǹkan fún òun, kó yáa rí i pé ohun tó kọ dára, nítorí obìnrin náà kì í tẹ ìranù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sídìí ẹ̀rọ táípù ní ọ́fíìsì ìjọba. Ọ̀gá mẹ́sàn-án ló jẹ lórí rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń kọ̀wé bí ẹni tí ajá ń lé. Ọ̀kan nínú wọn kì í rántí ọdún tí a wà. Òmíràn fẹ́ fi lẹ́tà kan ṣoṣo gbé òṣìṣẹ́ kan lọ sí ìlú méjì lọ́jọ́ kan náà. Màmá kì í bá wọn jiyàn. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa tún un ṣe, yóò gbé e síwájú wọn, wọn yóò sì máa rò pé orí tiwọn ló pé tó bẹ́ẹ̀. Kò sí lẹ́tà rẹ̀ kan tí wọ́n dá padà rí. Ìyẹn ló ń mú un yan títí tó fi fẹ̀yìn tì, a ò sì lè bá a wí, nítorí ẹni mélòó ló lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa iṣẹ́ tirẹ̀?

Ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, jẹ́ oníná. Kì í ṣe oníná tó ń gun àkàbà pààrọ̀ gílóòbù o. Òun ló máa ń ṣe pátákó tó ń pàṣẹ fún lífìtì, èyí tó ń sọ fún un pé kó gòkè, kó sọ̀ kalẹ̀, kó ṣílẹ̀kùn, kó má sì fi ilẹ̀kùn há ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mọ́kànlá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kó tó kú. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti tú mẹ́wàá dànù, wọ́n sì ti fi tiwọn tó ń dán yinrin rọ́pò wọn. Ó wá ku ẹyọ kan, nínú ilé gogoro kan tó ní àjà méje lórí ìsàlẹ̀, níbi tó jẹ́ pé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni lífìtì yẹn fi ń gbé wọn lọ, tó ń gbé wọn bọ̀, láìsí ẹni tó bi í léèrè pé ta ló ṣe ọ́.

Àrá ló kó bá a. Ó sán lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná fò, ọpọlọ pátákó náà sì jóná. Ọpọlọ yìí ni kóró dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń pè ní áísíì. Lífìtì dúró gbọnin láàárín àjà kejì àti ìkẹta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá tí àwọn àgbàlagbà ń fi orúnkún tó ń ro wọ́n gun àtẹ̀gùn, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ọmọ Màmá, èkejì nínú mẹ́ta, ló jogún ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ti lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì gbàwé ẹ̀rí bọ̀. Gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Ẹnjiníà, títí kan ìyá rẹ̀, tó kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó mọ́ ọn lẹ́nu. Yàrá iwájú ilé wọn ni ìsọ̀ náà wà: tábìlì gígùn kan tí irin gbígbóná ti jó lójú káàkiri, àtùpà onídígí, àwọn ike kéékèèké tí wọ́n to ṣúkúrúù sí, àti òórùn lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ tí kì í kúrò lára kọ́tìnnì. Ẹnjiníà rí áísíì tuntun rà. Àmọ́ áísíì tuntun kò mọ nǹkan kan, àfi bí òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún. Inú fáìlì kan ni àṣẹ tí yóò máa tẹ̀ lé gbọ́dọ̀ ti wá, kọ̀ǹpútà tí bàbá kọ fáìlì náà sí sì ti kú ṣáájú bàbá fúnra rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju ojú ewé mọ́kànlá tí bàbá tẹ fáìlì náà sí lọ, nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Nọ́ńbà àti lẹ́tà ló kún inú wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Ẹnjiníà kọ́kọ́ fi fóònù ya àwọn ìwé náà, ó ní kí kọ̀ǹpútà bá òun kà wọ́n. Yíǹkì ti ṣá. Kọ̀ǹpútà ń pe 8 ní B, ó ń pe 0 ní D, ó sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú bí ẹni tó mọ̀. Ó ju igba ìlà lọ tó bà jẹ́. Ibi tí wọ́n wà nìyẹn nígbà tí alábòójútó ilé gogoro náà tẹ̀ wọ́n láago, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti sú ìgbìmọ̀ onílé. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni ọ̀gá ayẹ̀wò yóò wá wo lífìtì. Bí kò bá yege, lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, iléeṣẹ́ mìíràn yóò kó òòlù wá, wọn yóò tú pátákó bàbá, wọn yóò sì gbé e jù sílé ìdọ̀tí.

Màmá gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́. Ohun ìkẹyìn tí ọkọ òun fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tó ṣì ń ṣiṣẹ́ láyé yìí nìyẹn. Ó ní bí ìka òun bá ṣì ń gbé, pátákó yẹn kò ní dé orí ààtàn. Ó fa àga sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní kí ọmọ òun wá fi hàn òun bí wọ́n ṣe ń ka ìranù yẹn.

Ẹnjiníà fi hàn án. Ó ní àmì olójú méjì ló ń bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iye ẹrù tó wà nínú ìlà náà, lẹ́yìn náà àdírẹ́sì ibi tí ẹrù yóò gbé nínú áísíì, lẹ́yìn náà irú ìlà tó jẹ́, lẹ́yìn náà ẹrù fúnra rẹ̀ ní méjì-méjì. Àmì méjì tó gbẹ̀yìn ni bàbá máa ń pè ní ẹlẹ́rìí. Bí a bá fi ìṣirò kọ̀ǹpútà, tó ń ka lẹ́tà mọ́ nọ́ńbà, ro gbogbo ohun tó wà lórí ìlà pọ̀ mọ́ ẹlẹ́rìí, òdo méjì ló gbọ́dọ̀ wà ní ìparí. Ẹnjiníà ti kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà, ó pè é ní Olùkà, òun ni yóò máa ṣe ìṣirò yìí, òun náà ni yóò sì kó ẹrù kọ̀ọ̀kan sí àdírẹ́sì rẹ̀. Bí ìlà bá pé, yóò di aláwọ̀ ewé. Bí ẹyọ kan bá yingin, yóò pupa.

"Ẹ ò tiẹ̀ ní láti mọ ìtumọ̀ ẹ̀, Màmá," ló wí. "Ẹ ṣáà tẹ ohun tẹ́ ẹ bá rí."

Màmá wò ó tìyanu-tìyanu, bí ẹni pé èèyàn lè tẹ ohun tí kò yé e. Ó fi rúlà sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́, ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tẹ̀ ẹ́. Kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń sọ rúlà kalẹ̀, ó ń tẹ̀, ìlà ń di aláwọ̀ ewé, rúlà tún ń sọ̀ kalẹ̀. Ìlà mẹ́rin péré ló pupa nínú gbogbo wọn, mẹ́ta nínú mẹ́rin náà sì jẹ́ ibi tí ìwé ti ká kò; ó tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ títí wọ́n fi di aláwọ̀ ewé. Ẹnjiníà kò lè pa á mọ́ra. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pe àbúrò rẹ̀, ó pe alábòójútó ilé, ó ń fọwọ́ sọ̀yà fún gbogbo wọn pé ìyá òun kì í ṣe àṣìtẹ̀. Màmá ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, àmọ́ ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, nọ́ńbà wọ̀nyẹn ti ń bá a sọ̀rọ̀. Lójú ewé keje, ó bá ìlà kan pàdé tí kò dé ìdajì àwọn yòókù. Bó ṣe wà nìyí:

:080400000001020304060507D8

Màmá dúró. Ó rí i pé ẹrù mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ó sì kà wọ́n lábẹ́ ẹnu: òdo, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ẹ̀fà, àrún, èje. Àjà méje lórí ìsàlẹ̀, mẹ́jọ lápapọ̀. Ilé gogoro yẹn gan-an ló ń wò yìí, àjà kọ̀ọ̀kan bó ṣe tẹ̀ lé ara wọn, àfi pé ẹni tó kọ ọ́ ti gbé ẹ̀fà ṣáájú àrún.

Ó mí kanlẹ̀. Ó rántí bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń kánjú jẹun, tó ń kánjú wọ bàtà, tó ń kánjú kọ lẹ́tà. "Bàbá Ẹnjiníà, ìkánjú yín yìí náà ni," ló sọ fún ìwé náà, ó sì tẹ àrún ṣáájú ẹ̀fà bó ṣe yẹ. Ìlà náà di aláwọ̀ ewé bíi tàwọn yòókù. Inú Màmá dùn jọjọ. Ó ti bo àṣírí ọkọ rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe é.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹnjiníà kọ gbogbo àṣẹ náà sínú áísíì tuntun, ó fi í sójú pátákó, lífìtì sì gbéra. Alábòójútó ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹnjiníà gùn ún dé òkè pátápátá, ó sì gùn ún padà wá sílẹ̀, ó wá forí lé ilé pẹ̀lú orin lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Tíṣà Àgbà sọ̀ kalẹ̀. Àjà karùn-ún ni baba yìí ń gbé, ogójì ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kò sì tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó lọ gẹrun, ó padà dé, ó tẹ márùn-ún, ó jáde, ó yà sápá ọ̀tún, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ kò yí. Ó tún un kì, ó mì í, ó bú u, ó bú ẹni tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin kan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó sì béèrè lọ́wọ́ Tíṣà ohun tó ń wá nílé òun ní àjà kẹfà.

Alábòójútó ilé pe Ẹnjiníà. Bí wọ́n bá tẹ márùn-ún, lífìtì á lọ sí ìkẹfà. Bí wọ́n bá tẹ mẹ́fà, á lọ sí ìkarùn-ún. Àwọn yòókù kò ní wàhálà. Ẹnjiníà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé lífìtì ń ṣe ségesège díẹ̀. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ló ti jókòó ti Olùkà rẹ̀, tó ń tú u palẹ̀ tó ń tún un tò. Gbogbo ìlà ló pé, gbogbo ẹlẹ́rìí ló jẹ́rìí, ìyá rẹ̀ kì í sì í ṣe àṣìtẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ètò tí òun fọwọ́ ara òun kọ ló ń kó ẹrù lọ sílé tí kì í ṣe tiwọn. Ó wá a títí, kò rí i.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Màmá ń gbé tíì bọ̀ wá fún un nígbà tó bá a lórí fóònù, tó ń bá alábòójútó ilé sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Mo mọ̀ pé àrún àti ẹ̀fà nìkan ni, ọ̀gá," ni Ẹnjiníà ń wí. "Ìyẹn náà ti tó. Bó bá lè gbé ẹrù méjì sódì, mi ò lè búra pé kò gbé òmíràn sódì tí a ò tíì rí, èèyàn ló sì ń wọ lífìtì. Olùkà tí mo kọ ni kò dáa. Ìyá mi tẹ ohun gbogbo pé, ìyá mi kì í ṣe àṣìtẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni. Ẹ jẹ́ kí iléeṣẹ́ kejì yẹn máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Ojú ewé keje ló wá síwájú Màmá, pẹ̀lú ìlà kúkúrú rẹ̀. Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀ lórí tábìlì.

A ò ní purọ́ fún yín, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn kì í ṣe òtítọ́. Ohun tó sọ sí i lọ́kàn ni pé kí òun rán Ẹnjiníà lọ ra nǹkan, kí òun jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí òun gbé ẹ̀fà padà ṣáájú àrún, kí òun sì dákẹ́. Lífìtì yóò ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Bó ṣe gbé ìgbésí ayé rẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó kú. Àmọ́ ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọmọ yìí yóò máa rò títí ayé pé òun kọ ohun tí kò dára, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó kọ dára. Ìtìjú yẹn, ti ta ni?

"Ní kó dúró ná," ni Màmá wí. "Sọ fún un pé wàá padà pè é."

Ẹnjiníà gbé fóònù sílẹ̀.

"Kò sóhun tó ṣe Olùkà ẹ. Èmi ni. Mo rí i níbi tí bàbá ẹ ti kọ ẹ̀fà ṣáájú àrún, mo rò pé ó ṣì í kọ ni, mo bá tún un ṣe."

Ẹnjiníà fa ìwé náà jáde, ó ṣí i dé ojú ewé keje, ó fi ìka tọ ìlà kúkúrú náà, ó sì wo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ó rò ó pọ̀ sórí ìwé pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Ẹ̀fà pẹ̀lú àrún, àrún pẹ̀lú ẹ̀fà: oókànlá ni méjèèjì. Bí ẹrù méjì bá kàn gba ipò ara wọn, àròpọ̀ kò yí, ẹlẹ́rìí kò sì ní ohun tí yóò fi ké. Màmá dúró, ó ń retí ọ̀rọ̀ tó máa dun òun. Ojú ń tì í gan-an, ó sì jẹ́ kó tì í.

"Màmá," ni Ẹnjiníà wí níkẹyìn, "báwo lẹ ṣe mọ̀ pé àjà ilé ni?"

"Mo kà á ni."

"Ẹ kà á."

"Mẹ́jọ ni wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Kí ló tún lè jẹ́?"

Ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún nọ́ńbà ló wà níbí o. Èmi tí wọ́n fún níwèé ẹ̀rí, ọ̀sán kan àtàárọ̀ kan ni mo fi wo ìlà yìí, nọ́ńbà ni mo rí. Ẹ̀yin fi rúlà kọjá lórí ẹ̀, ẹ rí ilé."

Màmá kò mọ èwo ni kóun ṣe. Ó fẹ́ kí ojú máa ti òun lọ, àmọ́ orí rẹ̀ ti ń wú, kò sì rí ọ̀nà dá a dúró. Ó ní tíì yẹn ń tutù.

Ó wá ku ìbéèrè kan. Kí ló dé tí bàbá fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹnjiníà kò fẹ́ dá nǹkan padà sódì láìmọ ìdí rẹ̀, nítorí náà àwọn méjèèjì gba ilé gogoro náà lọ. Ẹnjiníà gun òkè lọ sí yàrá ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ òrùlé, níbi tí gbogbo wáyà àwọn àjà ti jáde láti inú sìmẹ́ńtì, tí kálukú sì ní irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà sí lọ́rùn. Màmá dúró ní àjà karùn-ún. Tíṣà Àgbà gbé àga jáde fún un, ó sì dúró tì í láti wo ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti pè é lórí fóònù, Màmá yóò tẹ bọ́tìnnì tó wà lára ògiri. Ó tẹ̀ ẹ́. Lókè lọ́hùn-ún, mítà tí Ẹnjiníà fi ń yẹ iná wò ké lórí wáyà tí wọ́n gbẹ́ 6 sí lọ́rùn. Ó tún un tẹ̀, ibẹ̀ náà ló tún ké. Wọ́n lọ sí àjà kẹfà, wáyà 5 ló sì ké.

Àwọn tó kọ́ ilé yìí ló gbé wáyà méjèèjì kọjá ara wọn, wọ́n sì da sìmẹ́ńtì bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n gba tiwọn lọ. Ọkọ Màmá ti bá a bẹ́ẹ̀. Kò lè fọ́ ògiri olówó iyebíye. Kò bá àwọn bíríkìlà jà, kò fẹjọ́ wọn sun onílé. Ó kàn gbé ẹ̀fà ṣáájú àrún nínú ìlà kan, ó tún àṣìṣe wọn ṣe láàárín nọ́ńbà, ó sì dákẹ́ títí tó fi kú. Kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ lórí oúnjẹ.

Màmá padà sí àjà karùn-ún, ó jókòó sórí àga Tíṣà, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé ó di ìhà rẹ̀ mú. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi fẹ́ ọkùnrin yìí, ó sì rò pé òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Àárò rẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀, gidigidi. Ó sì tún wú u lórí pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló wá fẹ́ òun, tó rí òun láàárín gbogbo obìnrin. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Tíṣà Àgbà, tí kò mọ ohun tó ń sọ, àmọ́ tó gbà fún un.

Kí oòrùn tó wọ̀, Ẹnjiníà ti gbé ìlà náà padà bó ṣe wà lórí ìwé, ó ti kọ ọ́ sínú áísíì, lífìtì sì ń dúró níbi tí wọ́n bá ní kó dúró.

Ọ̀gá ayẹ̀wò dé lọ́jọ́ Ẹtì ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó dé fìlà, ó fi bírò pupa há etí. Ó yẹ okùn wò, ó yẹ bíréèkì wò, ó fi igi há ilẹ̀kùn lẹ́nu láti mọ̀ bóyá yóò padà ṣí. Kò rí àléébù. Ó wá jókòó sórí àga alábòójútó ilé nísàlẹ̀, ó ní kí wọ́n kó ohun tí wọ́n kọ sínú áísíì wá fún òun ní títẹ̀ sórí ìwé, nítorí òun ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kó nǹkan sínú áísíì láìmọ ohun tí wọ́n kó sí i. Ẹnjiníà gbé ewé mọ́kànlá síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà mọṣẹ́, a ò gbọ́dọ̀ rẹ́ ẹ jẹ. Ó ń ṣí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ létí ìlà. Nígbà tó dé ojú ewé keje, ìka náà dúró.

Ó yọ bírò pupa létí. Ó ní òun rí àṣìṣe kan níbí. Ó ní ó dá òun lójú pé àwọn àjà ilé nìyí, ẹnì kan sì ti gbé ẹ̀fà ṣáájú àrún, òun kò sì lè fọwọ́ sí ohun tó ní àṣìṣe nínú. Ó ní òun yóò tún un ṣe fún wọn sórí ìwé, kí wọ́n lọ tún un kọ, kí wọ́n sì dá ọjọ́ mìíràn fún òun. Alábòójútó ilé wo ilẹ̀. Kò sí ọjọ́ mìíràn, gbogbo wọn ló mọ̀.

Ẹnjiníà yanu láti sọ̀rọ̀, àmọ́ ìyá rẹ̀ ti na ọwọ́. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ìlà náà lórí ìwé, ó bò ó dáadáa, tó fi jẹ́ pé ọ̀gá ayẹ̀wò kò ríbi fi bírò sí.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ló wí. "Èmi náà ti tún un ṣe rí, mo sì ṣìnà. Ọkọ mi ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe dáa. Ẹ jẹ́ ká wọ lífìtì, kẹ́ ẹ tẹ márùn-ún fúnra yín."

Wọ́n wọ̀ ọ́. Ọ̀gá ayẹ̀wò mú ìwé náà dání, ó tẹ márùn-ún. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kùn sára ògiri níwájú wọn jẹ́ 5. Ó tẹ mẹ́fà, ó bá mẹ́fà níbẹ̀. Ó ní kí Ẹnjiníà ṣàlàyé, Ẹnjiníà sì sọ ti wáyà tó wà nínú sìmẹ́ńtì fún un, ó mú gbogbo wọn dé yàrá ẹ̀rọ, ó fi mítà hàn án. Ó ní òun kọ́ ló rí ìlà yẹn o, ìyá òun ló rí i, ìyá òun ló kà á láàárín ìlà tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó sọ ọ́ sókè ketekete, kó má baà sí ẹni tí kò gbọ́ ọ níbẹ̀.

Ọ̀gá ayẹ̀wò wo àwọn irin pẹlẹbẹ náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi bírò pupa padà sétí, ó yọ aláwọ̀ búlúù nínú àpò rẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé ìyege lórí ògiri níbẹ̀, ó sì fún alábòójútó ilé. Ó wá béèrè bóyá ọkùnrin tó kọ ìlà yẹn ṣì wà, nítorí òun yóò fẹ́ láti kí i.

Màmá ní kò sí mọ́, àmọ́ òun ni ìyàwó rẹ̀, kó máa kí òun.

Ọkùnrin náà ṣí fìlà rẹ̀, ó sì kí i.